Ètò Orin Amẹ́ríkà Tí Àwọn Òbí Wa Wò Lórí Tẹlifíṣọ̀n: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn ti ń bi mí nípa àwọn olórin Amẹ́ríkà tí àwọn àgbà ilé máa ń dárúkọ bí wọ́n bá ń rántí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Ìbéèrè kan náà ló sì ń padà wá. Mo kó ìdáhùn wọn jọ síbí.

Irú ètò wo ni "variety show" gan-an?

Ètò wákàtí kan tàbí ààbọ̀ wákàtí ni, tí atọ́kùn kan máa ń darí lórí ìtàgé. Olórin á kọ orin méjì, aláwàdà á jáde, ìpolówó ọjà á dé, lẹ́yìn náà oníjó, onídán, tàbí àwọn tó ń ta ọ̀kìtì. Ẹgbẹ́ olórin ńlá á wà lẹ́yìn tí ń bá gbogbo wọn lù.

Ẹni tó bá mọ alárìnjó kò ní í pẹ́ lóye rẹ̀. Ijó, ọ̀kìtì, idán àti ẹ̀fẹ̀ ni eégún aláré náà máa ń kó jọ lójú agbo kan. Hubert Ogunde àti àwọn eléré ìgbà rẹ̀ pàápàá máa ń fi orin àti ijó ṣíde, èyí tí wọ́n ń pè ní "opening glee", kí eré gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Ti Amẹ́ríkà ṣẹ̀ láti inú vaudeville, àwọn eléré tó ń ti ìlú dé ìlú. Nígbà tí sinimá àti rédíò gba èrò ìwòran lọ́wọ́ wọn, wọ́n kó ẹrù wọn lọ sí rédíò, láti ibẹ̀ wọ́n bọ́ sí tẹlifíṣọ̀n.

Èwo ló lókìkí jù nínú wọn?

Ti Ed Sullivan ni. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CBS ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà ọdún 1948, ó sì ń jáde ní alaalẹ́ ọjọ́ Sunday títí di ọdún 1971. Sullivan kì í ṣe olórin, kì í ṣe aláwàdà. Akọ̀ròyìn ni, ó máa ń dúró gbagidi bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì dùn. Ohun tó ní ni ojú tó ń mọ ẹni tí ayé fẹ́ rí. Nígbà tí Elvis Presley kọ́kọ́ débẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1956, nǹkan bí mílíọ̀nù 60 ènìyàn ló wò ó. Nígbà tí The Beatles dé ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 1964, wọ́n tó mílíọ̀nù 73.

Àwọn yòókù tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ni Perry Como, tó ti ṣe gẹ́rígẹ́rí ní Canonsburg ní Pennsylvania kó tó di olórin, Andy Williams, Dean Martin, Lawrence Welk pẹ̀lú ìfófó ọṣẹ tó ń fò káàkiri ìtàgé rẹ̀, Carol Burnett, tó máa ń fa etí rẹ̀ ní ìparí ètò láti fi kí ìyá àgbà rẹ̀, Sonny àti Cher, àti Flip Wilson, aláwàdà aláwọ̀ dúdú tí ètò rẹ̀ lórí NBC, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà mìíràn, gbayì gan-an láti ọdún 1970 sí 1974.

Báwo ni ètò Amẹ́ríkà ṣe dé orí tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà?

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Awólọ́wọ̀ ṣí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn. Ilé iṣẹ́ náà ní eré tirẹ̀: àwọn eléré Yorùbá débẹ̀, ìròyìn wà, ètò ẹ̀kọ́ wà. Ṣùgbọ́n owó tí ènìyàn á fi ṣe eré wákàtí kan pọ̀ ju owó tí á fi ra èyí tí òyìnbó ti ṣe tán lọ. Bí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tuntun káàkiri ayé ṣe ń ṣe nìyẹn: wọ́n ń ra eré Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì láti fi dí àlàfo.

Ti Èkó tún yàtọ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ Nigerian Television Service lọ́dún 1962, ilé iṣẹ́ NBC ti Amẹ́ríkà ni wọ́n gbé iṣẹ́ ìdarí rẹ̀ fún, nípasẹ̀ ẹ̀ka rẹ̀ tó ń bójú tó ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ NBC tiwa, Nigerian Broadcasting Corporation. Orúkọ kúkúrú kan náà ni, ó sì ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà.

Ṣé àwọn tó kàwé ní London náà wò ó?

Bẹ́ẹ̀ ni. BBC ra ètò Perry Como àti ti Andy Williams, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó lọ kàwé nígbà náà ló sì wò wọ́n ní pálọ̀ onílé, pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn nítorí òtútù. Ìdí nìyí tí àgbà kan ṣe lè sọ fún yín pé Ìbàdàn lòun ti rí Andy Williams, kí èkejì ní London ni. Ẹ má ṣe bá wọn jiyàn.

Kí ló dé tí bàbá mi ní dúdú àti funfun ni, tí èyí tí mo rí lórí YouTube sì ní àwọ̀?

Òótọ́ ni ẹ̀yin méjèèjì ń sọ. Láti ọdún 1962 tí NBC ti bẹ̀rẹ̀ ètò Andy Williams ni wọ́n ti ń ṣe é ní aláwọ̀. Tẹlifíṣọ̀n ilé wa ni kò lè gbé àwọ̀ jáde. Jos ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ ní Nàìjíríà, ó sì di àárín àwọn ọdún 1970 kó tó ṣẹlẹ̀.

Ìdí mìíràn wà tí àwòrán fi ṣókùnkùn. Ìlà 525 ni tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà fi ń ya àwòrán, àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tiwa, tí a gbà lọ́wọ́ Yúróòpù, jẹ́ ìlà 625 àti àwòrán 25. Téèpù tí wọ́n gbà sílẹ̀ níbẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tiwa. Nítorí náà fíìmù ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́, nínú agolo pẹlẹbẹ, láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì. Bí ètò náà bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe lójú ẹsẹ̀, wọ́n á gbé kámẹ́rà fíìmù síwájú gíláàsì tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á ya ohun tó ń kọjá lórí rẹ̀. Ẹ̀dà ẹ̀dà ni àwọn òbí wa wò. Fíìmù tó ti yí ní ìlú mẹ́ta kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ti ní ìlà funfun tó ń sáré lójú bí òjò.

Báwo ni ẹ ṣe ń wò ó nílé yín?

Àpótí onígi ni tẹlifíṣọ̀n wa, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin àti ilẹ̀kùn méjì tó ní kọ́kọ́rọ́. Bàbá mi ló ń mú kọ́kọ́rọ́ náà dání. Bí ó bá tàn án, a óò kọ́kọ́ gbọ́ ohùn, àwòrán á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yọ díẹ̀díẹ̀ láti inú òkùnkùn. Bí ó bá pa á, ojú kan á kù láàárín gíláàsì, funfun kékeré bí ìràwọ̀, a kì í sì í dìde títí yóò fi kú. Àwọn ọmọ àdúgbò á kún ojú fèrèsé. Màmá mi kì í lé wọn, ó máa ń ní kí àwọn tó ga bọ́ sẹ́yìn.

Ta ni "Kíńkólì" tí àwọn àgbà ń sọ?

Nat King Cole ni. Wọ́n bí i ní Montgomery, ìpínlẹ̀ Alabama, lọ́dún 1919. Chicago ló dàgbà sí. Dùrù ló kọ́kọ́ fi gbajúmọ̀, kí ohùn rẹ̀ tó borí dùrù. Bàbá mi ní rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ kan tó máa ń fi aṣọ funfun nù kó tó gbé e sórí gíramafóònù, á sì fẹ́ atẹ́gùn sí abẹ́rẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. A kò gbọ́dọ̀ sáré kọjá nínú pálọ̀ tí ó bá ń yí, nítorí ilẹ̀ pákó á mi abẹ́rẹ́.

NBC fún un ní ètò tirẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá ọdún 1956. Ìṣẹ́jú 15 ni ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ààbọ̀ wákàtí lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ẹ rántí irú ọdún tí à ń wí: ní oṣù Kẹrin ọdún 1956 yẹn kan náà, àwọn aláwọ̀ funfun kan fò gun orí ìtàgé ní Birmingham, Alabama, wọ́n kọlù ú níbi tó ti ń kọrin lọ́wọ́.

Kò sí ilé iṣẹ́ ńlá kan tó gbà láti ṣe onígbọ̀wọ́ ètò náà káàkiri Amẹ́ríkà. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn oníbàárà funfun ní Gúúsù á pa ọjà wọn tì. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ella Fitzgerald, Peggy Lee, Harry Belafonte àti àwọn mìíràn, wá bá a kọrin fún owó tó kéré jù tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fàyè gbà, kí owó ètò má baà wọ́n. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1957, ó parí. Cole fúnra rẹ̀ ló ní ó tó gẹ́ẹ́. Madison Avenue ni àdúgbò tí àwọn onípolówó ọjà wà ní New York, ọ̀rọ̀ tó sì sọ nípa wọn ni pé Madison Avenue ń bẹ̀rù òkùnkùn, ìyẹn àwọ̀ dúdú.

Èyí ni mo ń fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí. Ẹ̀rín tí Cole ń rín nínú àwòrán wọ̀nyẹn, aṣọ tó bá a mu rẹ́gí, ohùn tí kò gbọ̀n: lójú ẹni tó wà ní Ìbàdàn, ọkùnrin dúdú kan tí ayé ń kẹ́ ni. Kò sí ẹni tó sọ fún wa iye tó san láti dúró síbẹ̀. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa á ní oṣù Kejì ọdún 1965. Ẹni ọdún 45 ni.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n fẹ́ yọ àwòrán kan kúrò torí pé obìnrin funfun fọwọ́ kan ọkùnrin dúdú?

Òótọ́ ni. Petula Clark, olórin ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ní ètò pàtàkì kan lórí NBC, ó sì pe Harry Belafonte. Bí wọ́n ṣe ń kọrin pọ̀, ó di apá rẹ̀ mú. Ọ̀gá ìpolówó ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tó ṣe onígbọ̀wọ́ bínú, ó ní kí wọ́n lo èyí tí wọ́n ti jìnnà sí ara wọn. Clark àti ọkọ rẹ̀ kọ̀. Wọ́n pa gbogbo àwòrán yòókù rẹ́, kí ó lè jẹ́ èyí tí ó ti fọwọ́ kàn án nìkan ló kù. Ó jáde ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 1968, ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa Martin Luther King.

Belafonte ti mọ irú ìjà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ètò tó ṣe fún CBS ní oṣù Kejìlá ọdún 1959 ló jẹ́ kó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ Emmy.

Jim Reeves ńkọ́? Ṣé òun náà ní ètò tẹlifíṣọ̀n?

Kì í ṣe orí tẹlifíṣọ̀n ni Jim Reeves gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Rẹ́kọ́ọ̀dù àti rédíò ló gbé e dé, pẹ̀lú àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì tó wà lára ògiri. Ó kú nínú ọkọ̀ òfuurufú tó já ní oṣù Keje ọdún 1964, síbẹ̀ kò sí ọdún Kérésìmesì kan tí ẹ kò ní gbọ́ ọ ládùúgbò.

Nínú àwọn olórin àríwá-oko, bí a ti máa ń pe orin country nílé wa, Dolly Parton ni tẹlifíṣọ̀n gbé jáde. Láti ọdún 1967 sí 1974 ló wà nínú ètò Porter Wagoner. Àwọn òǹwòran kò fẹ́ ẹ níbẹ̀rẹ̀, ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ń kígbe pè. Nígbà tó fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ Wagoner, orin ló kọ láti fi dágbére fún un, "I Will Always Love You". Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé orin olólùfẹ́ ni. Orin ọmọ iṣẹ́ tó ń tẹríba fún ọ̀gá rẹ̀ kó tó lọ ni.

Ṣé Soul Train, ètò orin àti ijó àwọn aláwọ̀ dúdú, wà lára wọn?

Lọ́nà kan, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò sí aláwàdà níbẹ̀. Don Cornelius bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Chicago ní oṣù Kẹjọ ọdún 1970, ó sì gbé e lọ sí Los Angeles lọ́dún 1971, tí ilé iṣẹ́ káàkiri Amẹ́ríkà fi ń rà á. Ilé iṣẹ́ Johnson Products, àwọn tó ń ṣe ìpara irun Afro Sheen, ni onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Ohun tí Cole wá títí tí kò rí nìyẹn: ilé iṣẹ́ aláwọ̀ dúdú ń san owó fún ètò aláwọ̀ dúdú. Ọdún 14 ló wà láàárín méjèèjì.

Àwọn oníjó ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀. Wọ́n á tò sí ìlà méjì tó kọjú síra, ẹnì kan tàbí méjì á jó gba àárín kọjá. Ẹni tó bá ti dúró ní agbo ijó níbi ìnáwó, tí wọ́n ń pe ọmọ kọ̀ọ̀kan bọ́ sáàárín, kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún òun.

Ṣé wọ́n ń kọrin gan-an, àbí ẹnu lásán ni wọ́n ń là?

Ó yàtọ̀ láti ètò sí ètò. Ní ti Sullivan, ojú ẹsẹ̀ ni ètò náà ń jáde, ọ̀pọ̀ jù lọ olórin ló sì kọrin pẹ̀lú ohùn ara wọn. Ní Soul Train, rẹ́kọ́ọ̀dù ni wọ́n máa ń tẹ̀ fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, kí wọ́n máa la ẹnu sí i; àwọn bí James Brown àti Al Green wà lára àwọn tó kọ ọ́ fúnra wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ wo ọrùn olórin nígbà tó bá fẹ́ gun ohùn òkè. Ẹni tó ń kọrin gan-an á gba èémí kó tó gun un, iṣan á sì yọ. Ẹ tún wo bí ó ṣe jìnnà sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn: bí ó bá yí orí kúrò tí ohùn kò dínkù, rẹ́kọ́ọ̀dù ni.

Ṣé wọ́n ń sọ ohun tí olórin kò gbọ́dọ̀ kọ?

Léraléra. Bo Diddley dé ọ̀dọ̀ Sullivan ní oṣù Kọkànlá ọdún 1955, wọ́n ní orin ẹlòmíràn ni kó kọ, tirẹ̀ ló kọ. Sullivan kò pè é padà mọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 1957 ni wọ́n ya Elvis láti ìbàdí sókè nìkan, torí ìdí tó ń jù. Ní ọdún 1967, wọ́n ní kí The Doors yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú orin wọn. Wọ́n gbà, wọ́n dé orí ìtàgé, wọ́n kọ ọ́ bó ṣe wà. Àwọn náà kò padà débẹ̀ mọ́.

Èyí tó kan ogun ló le jù. Pete Seeger kọ orin kan lọ́dún 1967 nínú ètò Smothers Brothers lórí CBS, nípa ọ̀gágun òmùgọ̀ kan tó ń kó àwọn ọmọ ogun wọ odò lọ. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ogun Vietnam ló ń bú. CBS gé e kúrò. Ariwo pọ̀, wọ́n sì jẹ́ kó padà wá kọ ọ́ ní oṣù Kejì ọdún 1968. Lọ́dún 1969, wọ́n lé àwọn Smothers Brothers kúrò pátápátá.

Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín Andy Williams àti Stevie Wonder lọ́dún FESTAC?

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 1977, Andy Williams ni atọ́kùn ayẹyẹ Grammy ní Los Angeles. Stevie Wonder ló gba àmì ẹ̀yẹ àwo orin tó dára jù lọ́dún náà, ṣùgbọ́n Èkó ló wà. FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú àgbáyé, ló gbé e wá. Wọ́n so ó pọ̀ mọ́ Amẹ́ríkà láti ojú sátẹ́láìtì. Àwòrán ń já, ohùn ń lọ ń bọ̀. Nígbà tí kò dájú pé Stevie ń gbọ́ òun, Williams béèrè bóyá ó lè rí òun. Ọkùnrin tí kò ríran láti kékeré ló bi bẹ́ẹ̀.

Àṣìsọ ni, ẹni tí ìdààmú bá lójú gbogbo ayé ló sọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni Èkó. Fún ọdún mẹ́tàdínlógún, láti 1959, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ètò tẹlifíṣọ̀n yìí ń gbà: àwọn ń kọrin lọ́hùn-ún, àwa ń wò níbí. Lóru ọjọ́ yẹn, àwọn gbajúgbajà Amẹ́ríkà ló jókòó nínú gbọ̀ngàn wọn tí wọ́n ń na ọrùn láti rí ẹni tó wà lọ́dọ̀ wa.

Ṣé ẹnì kan pe òrìṣà wa lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà?

Ó pè é. Desi Arnaz, ọmọ Santiago de Cuba tí wọ́n bí lọ́dún 1917, ni ọkọ Lucy nínú "I Love Lucy", tó jáde lórí CBS láti ọdún 1951 sí 1957. Eré ẹ̀fẹ̀ ìdílé ni, kì í ṣe variety show, ṣùgbọ́n olórí ẹgbẹ́ olórin ni Arnaz nínú rẹ̀, orin tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n mọ́ ni "Babalú". Margarita Lecuona ló kọ orin náà ní Cuba. Babalú-Ayé tí wọ́n ń wí ni Ọbalúayé. Àwọn baba ńlá tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé e dé Cuba, níbi tí wọ́n ti so ó pọ̀ mọ́ Lásárù Mímọ́, tí wọ́n sì ń ṣe ọjọ́ rẹ̀ ní 17 oṣù Kejìlá. Àbẹ́là tí wọ́n ń tàn fún un wà nínú orin náà.

Nílé wa, ènìyàn kì í déédéé la ẹnu pe orúkọ yẹn, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. "Olóde" ni àwọn àgbà ń sọ, tàbí "Baba". Nítorí náà kò rọ̀ mí lọ́rùn tí mo bá rí i tí Arnaz ń lu ìlù tó gbé kọ́ èjìká, tó ń kígbe orúkọ náà kí àwọn ènìyàn lè rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, ara mi bù máṣọ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Orúkọ tó wọ ọkọ̀ ẹrú ni mílíọ̀nù ènìyàn ń gbọ́ ní pálọ̀ wọn láìmọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èrò méjèèjì yìí wà nínú mi, n kò sì tíì lè fi ọ̀kan lé èkejì jáde.

Kí ló dé tí irú ètò bẹ́ẹ̀ parẹ́?

Owó ni àkọ́kọ́: ẹgbẹ́ olórin, oníjó, aṣọ tuntun ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn náà, ilé kan bẹ̀rẹ̀ sí ní tẹlifíṣọ̀n méjì, mẹ́ta. Nígbà tí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, ìyá àgbà á fara da olórin ọ̀dọ́ kí ó lè rí tirẹ̀, ọmọ á fara da ti ìyá àgbà. Nígbà tí kálukú ti ní tirẹ̀, kò sí ìdí fún ìfaradà mọ́. MTV dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 1981, orin nìkan láti òwúrọ̀ di alẹ́. Àwọn Jackson ṣe tiwọn lórí CBS láti ọdún 1976 sí 1977, Michael sì sọ lẹ́yìn náà pé òun kò fẹ́ràn rẹ̀.

Ibo la ti lè rí wọn báyìí?

Ètò Ed Sullivan ní ojú ewé tirẹ̀ gan-an lórí YouTube, àwòrán ibẹ̀ sì mọ́. Lawrence Welk ṣì ń jáde lórí àwọn ilé iṣẹ́ PBS ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1987. Ẹ bi àwọn ẹbí yín tó wà lọ́hùn-ún. Ètò Nat King Cole náà wà, nítorí fíìmù tí wọ́n yà níwájú gíláàsì. Fíìmù burúkú yẹn ló gbà á là.

Ìyá mi ń kùn orin kan tí kò rántí orúkọ rẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè wá a?

Ẹ má bi í ní orúkọ orin. Ẹ bi í ní yàrá: ilé ta ni wọ́n wà, ta ló jókòó níbẹ̀, ṣé ọkùnrin ló ń kọrin àbí obìnrin, ṣé ó dúró àbí ó jókòó sórí àga gíga. Orúkọ tí ó bá sọ, ẹ pè é sókè bí ó ṣe pè é, ẹ óò gbọ́ ti òyìnbó nínú rẹ̀. "Kíńkólì" ti ṣe bẹ́ẹ̀ yé yín. "Jímù Rífì" náà rọrùn. Ẹ wá orin mẹ́ta péré, ẹ lù wọ́n ní ohùn kékeré nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dí, ẹ má sì wo ojú rẹ̀.

Màmá mi ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí mo dán èyí wò. Ti àkọ́kọ́ kọjá, ti èkejì kọjá. Nígbà tí Andy Williams bẹ̀rẹ̀ "Moon River", ó gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó nu ọwọ́ méjèèjì sára ìró, ó ní kí n gbé e sókè díẹ̀ sí i.